Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú: àwọn àṣìṣe tí ẹ ó gbọ́ nígbà tí gbogbo ilé bá dákẹ́

Ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ so kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa ohùn tó bá ga jù padà, mọ́ ẹ̀rọ ohùn ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń bá ṣiṣẹ́, orin ìyìn dùn débi pé àwọn àgbà ìjọ ń bojú wẹ̀yìn wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohùn adarí orin dúró gbọn-in lórí ìlù. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ tẹríba, kí kálukú gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Ìlù dákẹ́, dùùrù dákẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí máìkì tí adarí orin fi sílẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, títí ó fi han goooro jákèjádò ilé. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Èmi ni mo fà á, ohun tí mo sì ṣe tí orin fi dùn náà ló fà á. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun lo kọ̀ńpírẹ́sọ̀ dáadáa, kó má wulẹ̀ tẹ́tí sí ìgbà tí ariwo pọ̀. Ìgbà tí ilé bá pa rọ́rọ́ ni kó tẹ́tí sí. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, ibẹ̀ ni àṣírí wọn ti ń tú.

Kì í ṣe kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fìríìjì ni mò ń sọ. Àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ ráàkì ni, irú dbx 266xs tàbí Behringer MDX2600, tí chánẹ́ẹ̀lì méjì wà nínú rẹ̀, tí apá ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tàbí ẹgbẹ́ olórin sì lè ká. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ojú ẹ̀rọ náà ni màá máa pe àwọn nọ́bù rẹ̀, torí òun náà ni ẹ máa rí: threshold, ratio, attack, release, output gain.

Ẹ tètè wo míksà yín kí ẹ tó náwó. Behringer X32 tó jáde ní 2012, àti ọ̀pọ̀ míksà alágbékalẹ̀ kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ lé e, ti ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ nínú chánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Mo mọ àwọn ìjọ tó ra àpótí sórí irú míksà bẹ́ẹ̀. Sípíkà mọ́nítọ̀, èyí tí akọrin fi ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ni owó yẹn ì bá rà fún wọn.

Ẹ má fi í wá ariwo

Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kì í gbé ohùn ga. Ohùn tó bá fò kọjá ààlà ló ń fà padà. Threshold ni ààlà yẹn. Ratio ló ń sọ bí yóò ṣe fà á le tó. Bí ohùn bá fi 12 dB (òdiwọ̀n gíga ohùn ni dB) kọjá ààlà, tí ratio wà ní 4:1, 3 dB péré ni yóò fi kọjá nígbà tó bá jáde. 9 dB ti lọ nìyẹn. Ohùn tí kò dé ààlà, kò ní fọwọ́ kàn án rárá.

Àwa la wá ń fi output gain dá 9 dB yẹn padà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí akọrin bá ń ké, ẹ̀rọ ń yọ 9 dB, àwa ń fi 9 dB kún un, ọ̀rọ̀ bára mu. Bí akọrin bá dákẹ́, ẹ̀rọ á tu ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n 9 dB tí a fi kún un kò lọ síbì kankan. Máìkì á wá ṣí sílẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Á máa gbọ́ fáànù òkè àjà, á máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, á máa gbọ́ sípíkà fúnra rẹ̀. Bí ohùn sípíkà bá sì ti wọ máìkì, tó tún gba sípíkà jáde, tó tún padà wọlé, ó di híhan. Iye dB tí ẹ bá fi kún output gain, iye náà lẹ ti fi sún mọ́ ìgbà tí máìkì máa han.

Lórí ẹ̀rọ ìta gbangba, output gain mi kì í kúrò lórí òdo bí kò bá nídìí. Mo máa ń fi ratio sí 3:1, màá ní kí akọrin kọ ibi tó le jù nínú orin rẹ̀, màá sì yí threshold wálẹ̀ títí iná gain reduction, tó ń fi iye dB tí ẹ̀rọ ń yọ hàn, á fi máa kan 3 sí 6 dB. Ó tán. Bí iná yẹn bá wà ní 10 dB látìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin rẹ̀, ẹ kò dí ẹni tó ń fò lọ́wọ́ mọ́, ẹ ti dè é mọ́lẹ̀ ni.

Kí àwọn èèyàn tó dé, ẹ ṣí gbogbo máìkì, ẹ gbé fédà dé ibi tí yóò wà lójú iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ohun kan bá ń kùn, ẹ dín output gain kù nígbà náà. Tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ lókè yìí, àdúrà ìjọ kì bá tí dàrú.

Etí tún máa ń tan èèyàn. Bí ohùn méjì bá jọra, èyí tó fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ la máa ń pè ní dáadáa. Bí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnì bypass láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà tún ohùn ṣe, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìgbà tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí kò sí níbẹ̀ ga bákan náà. Nígbà míì, ẹ ó rí i pé gíga nìkan ló ti ń dùn mọ́ yín.

Géètì tó ń jẹ ìparí ọ̀rọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú yìí ló ní géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ilẹ̀kùn nígbà tí ohùn bá ti lọ sílẹ̀ ju iye kan lọ, kí ariwo má bàa wọlé. Lórí ìlù ẹsẹ̀, ohun dáadáa ni. Lórí ẹni tó ń wàásù ní èdè Yorùbá, ewu ni.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní èdè wa. Gbólóhùn máa ń wálẹ̀ bó bá ti ń lọ sópin. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá sì wà ní ìparí lè lọ sílẹ̀ títí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. Oníwàásù ní, "Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀." Géètì ti tilẹ̀kùn kí "rẹ̀" tó jáde. Ohun tí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ni "Ẹ padà sọ́dọ̀…" Ọ̀dọ̀ ta ni? Ẹni tó jókòó nídìí míksà mọ gbólóhùn náà tẹ́lẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ti bá a parí rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ìyá àgbà tó wà ní àga ẹ̀yìn ni kò gbọ́. Lórí máìkì ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ yí threshold géètì sápá òsì pátápátá, kó má ṣiṣẹ́ rárá.

Gángan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀

Mi ò rí ibi tí a ti ń ba nǹkan jẹ́ tó báyìí. Gángan ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, àmọ́ bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń kan awọ ló ń pààlà láàárín sílébù kan àti èkejì. Attack ni bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ṣe ń yára fa ohùn padà tó; release ni bó ṣe ń yára tu ọwọ́ rẹ̀ tó. Bí attack bá wà ní 1 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ti gbá ìró kọ̀ǹgọ́ mú kó tó dé etí ẹnikẹ́ni. Ìlù náà á rọ̀ bí ẹni fi aṣọ bo awọ rẹ̀. Bí release bá tún yá jù, ìró tó yẹ kó máa kú lọ á máa wú padà, ọ̀rọ̀ á sì wọnú ara wọn. Oríkì tí onílù ń fọkàn lù kò ní yé ẹni tí wọ́n ń kì.

Ibi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ni attack 20 sí 30 ms, release 150 ms, ratio 3:1. Lẹ́yìn náà ni màá ní kí onílù lu òwe kan tí gbogbo wa mọ̀, màá dijú, màá sì gbọ́ bóyá mo lè pe òwe náà tẹ̀ lé e. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, attack kò tíì falẹ̀ tó.

Ẹ̀yin tó ní dbx 266xs, ẹ wo bọ́tìnì Auto. Bó bá wà ní títẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń yan attack àti release. Nọ́bù méjèèjì tí ẹ ń yí kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Stereo Couple: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, chánẹ́ẹ̀lì kìíní ló ń darí méjèèjì. Bó bá jẹ́ akọrin méjì lẹ fi sórí chánẹ́ẹ̀lì méjì, bí ẹnì kan bá ké, ohùn ẹnì kejì á rì, ẹ ó sì rò pé wáyà ló ń já. Kòkárí orin tó ní apá ọ̀tún àti òsì ni bọ́tìnì yẹn wà fún.

Wáyà, iná, àti mọ́nítọ̀

Ẹ má ki máìkì bọ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tààrà. Ohùn tó ti kọjá nínú míksà, tí míksà ti gbé ga, ni wọ́n ṣe é fún. Ti máìkì kéré jù fún un. Ihò insert tó wà lẹ́yìn chánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀nà rẹ̀, wáyà insert ló sì ń lò: orí kan tó ní òrùka méjì dúdú ń lọ sí míksà, ó pín sí orí méjì tó ní òrùka kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ míksà, ṣóńṣó orí wáyà ló ń gbé ohùn jáde, òrùka irin tó wà láàárín òrùka dúdú méjèèjì ló ń dá a padà. Bí ẹ bá pààrọ̀ méjèèjì, chánẹ́ẹ̀lì á kú pátápátá. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tú odidi ráàkì palẹ̀, tó ń làágùn, nígbà tó jẹ́ pé kó yọ orí méjì kó sì gbé wọn dípò ara wọn ni. Mo máa ń lẹ téèpù pupa mọ́ èyí tó ń lọ sínú kọ̀ńpírẹ́sọ̀.

Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti 120V. Iná tiwa jẹ́ 230V. Ẹ kà á lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó ki wáyà bọ ògiri; bó bá jẹ́ ti 120V nìkan, ẹ lo transformer tó ń dín iná kù. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo adaptor ni, ẹ ka orí adaptor bóyá AC ló ń gbé jáde tàbí DC.

Èyí tó kàn yìí kì í hàn sí wa nídìí míksà, akọrin ló ń jìyà rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ míksà analog, ohun tí ẹ bá so mọ́ insert ń lọ sí sípíkà mọ́nítọ̀ pẹ̀lú. Akọrin á gbé ohùn sókè, á gbọ́ pé ohùn òun kò ga sí i, á tún fi agbára kún un, ẹ̀rọ á tún fà á padà. Títí ìsìn á fi parí, ọ̀fun rẹ̀ á ti ha. Bí chánẹ́ẹ̀lì bá kù lórí míksà, ẹ fi wáyà pín máìkì náà sí méjì: ọ̀kan tó ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ń lọ sí sípíkà ìta, èkejì tí kò ní ín ń lọ sí mọ́nítọ̀. Fún máìkì tí kò gba phantom (iná tí míksà ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà máìkì), irú SM58, kò sí ìṣòro nínú èyí.

Bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀

Ohun tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá ti ṣe sí ohùn kó tó wọ kọ̀ǹpútà, kò sí bí ẹ ṣe lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Ìdí tí àwọn kan ṣì fi ń fún ohùn pa ni pé wọ́n ń bẹ̀rù kó má kéré jù. Lórí 24-bit, kò sídìí fún ìbẹ̀rù yẹn: jẹ́ kí ibi tó ga jù kan nǹkan bí -12 dBFS (òdo ni òkè pátápátá), àyè ṣì pọ̀. Àwọn míì rò pé yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ohùn tó ń fọ́. Insert wà lẹ́yìn gain máìkì. Bí ohùn bá ti fọ́ níbi gain, èyí tó fọ́ náà ni kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ń gbà.

Daft Punk ní ilẹ̀ Faransé mọ̀ọ́mọ̀ lo Alesis 3630, àpótí olówó pọ́ọ́kú bíi tiwa, kí orin ijó lè máa mí sókè sódò. Orin tiwọn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Oríkì kò fẹ́ ẹ.

Mo gba oríkì ìdílé kan sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan rí, nínú yàrá rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lókèèrè, mi ò sì kà á sí, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí. Mo fi ratio sí 8:1, mo sì fi output gain gbé gbogbo rẹ̀ ga. Nígbà tí mo gbọ́ ọ nílé, gbogbo ibi tí màmá ti dúró mí ni jẹnẹrétọ̀ ti ń ru sókè bí ìgbì, bí wọ́n bá tún ti sọ̀rọ̀, á tún rì. Ibi tó yẹ kí èèyàn ti ronú lórí ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ariwo ló kún ibẹ̀.

Mo padà lọ bẹ màmá, wọ́n sì gbà. Ní àfẹ̀mọ́jú la lọ, kí ẹnikẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀. Ratio wà ní 2:1, iná gain reduction ń kan 2 dB nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ baba ńlá wọn nìkan, output gain wà lórí òdo. Láàárín ìlà kan àti èkejì nínú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn báyìí, èémí màmá lẹ ó gbọ́, àti àkùkọ kan ní ọ̀nà jíjìn.