Bí mo ṣe kó àlejò mẹ́fà lọ jẹ àmàlà ní Òṣogbo

Àlejò mẹ́fà ni: ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, màmá àgbà kan tí eyín wọn kò pé mọ́, àti ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí kì í fẹnu kan ata. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ń lọ wo igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Oúnjẹ ọ̀sán wọn wà lọ́wọ́ mi. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn fẹ́, bùkà ló sì mọ ọ̀nà rẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ni mo ti lọ yẹ bùkà mẹ́ta wò, ọ̀kan lápá Òkè-Fìà, ọ̀kan nítòsí Ọláìyá, ọ̀kan lọ́nà ọjà Ìgbọ́nà. Aago mọ́kànlá ni mo lọ, nítorí pé tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, gbogbo bùkà ìlú yìí ló ń kún, ẹ ò sì ní rí ojú ìyá olóúnjẹ bi ní ìbéèrè kankan. Ẹ má wo pátákó tí wọ́n gbé síwájú. Ẹ wo ìkòkò. Níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà díẹ̀díẹ̀, tí ìkòkò tuntun ń bọ́ sílẹ̀ kí ti tẹ́lẹ̀ tó tán, ibẹ̀ ló dára. Níbi tí wọ́n ti ń ro ó rẹpẹtẹ láàárọ̀ tí wọ́n wá kó o sínú kúlà, ooru á há sínú kúlà náà, á di omi, omi á sì padà sórí àmàlà. Ẹ̀yìn rẹ̀ á máa yọ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ á ti dì.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Àmàlà èlùbọ́ iṣu máa ń dúdú, ara rẹ̀ á sì rọ̀. Bí wọ́n bá ti lú láfún mọ́ èlùbọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á sì máa fà mọ́ ìka. Láfún kì í ṣe oúnjẹ burúkú o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ ju iṣu lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é ní láfún, kí wọ́n sì tà á ní iye láfún. Nínú bùkà mẹ́ta yẹn, ọ̀kan ń lú u. Mo yọ ọ́ kúrò. Ọ̀kan kò ní omi ẹ̀rọ, abọ́ ìfọwọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà ń ki ọwọ́ bọ̀. Mo yọ ìyẹn náà. Ẹ̀kẹta, àwọn awakọ̀ àti bíríkìlà ló ń jẹun níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá fi apá ṣiṣẹ́ kì í fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ tí kò ní yó o, ibẹ̀ ni mo mú.

Lọ́jọ́ kejì, kọ̀rọ̀pẹ́ kan ni mo ṣe ní ṣátà láti ẹnu ọ̀nà igbó. Ó gba àwa méjèèje nígbà tí ọmọ jókòó lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kí ẹ má ṣe pín ara yín sórí ọ̀kadà: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, wọ́n á ti bu oúnjẹ rẹ̀, á ti tutù kí àwọn tó kù tó débẹ̀. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la wọlé. Àkókò yìí ṣe pàtàkì, nítorí gbẹ̀gìrì.

Ẹ̀wà tí wọ́n bó ni gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà kì í sì í bá oòrùn ṣọ̀rẹ́. Nínú gbogbo ọbẹ̀ tó wà lórí tábìlì ìyá olóúnjẹ, òun ló ń kọ́kọ́ kan. Òun náà ló ń kọ́kọ́ tán, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀: wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á sè é títí á fi fọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọn kì í sì í sábà se ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan. Tó bá ti di aago mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n ti bu omi gbígbóná là. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìpọn sókè kí ẹ wò ó. Gbẹ̀gìrì tó dáa máa ń ṣàn bọ́ láì gé, ó ń dán, kò sì ní èérún. Bí ẹ bá rí omi lọ́tọ̀ lórí, ẹ̀wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìfóòfó wẹ́wẹ́ létí ìkòkò, tó sì ń ta sí imú, ó ti kan nìyẹn. Ata ò lè bò ó mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ mú ewédú àti ọbẹ̀ ata nìkan.

Ti ewédú kò le tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ìjábẹ̀ ja máa ń fà, ẹ ó sì rí ewé wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ máa ń hó bí ọṣẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì fẹ́ràn láti ṣí. Ìyá ibi tí a lọ ń lo ìjábẹ̀, irú rẹ̀ sì ń ta sánsán láti ọ̀nà jíjìn. Bí káún bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára adùn tó ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n.

Ibi tí owó ti ń jò ni ẹran, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á jókòó, wọ́n á kígbe pé kí wọ́n bu oúnjẹ wá, wọ́n á ní "ẹ fi ẹran sí i." Ẹni tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún lómìnira láti fi èyí tó wọ́n jù sí i. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni mo lọ dúró sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àwa méje ni o, a ní àgbàlagbà, a ní ọmọdé."

"Ẹ kú àbọ̀ o, bọ̀dá. Ẹ jókòó ná, wọ́n á wá bá yín."

"Rárá o, mà, ẹ jẹ́ kí n dúró ti ẹran níbí. Èló ni ògúfe? Èló ni ṣàkì? Èló ni bòkótò?"

Iye wọn kì í dọ́gba. Pọ̀nmọ́ ló sábà máa ń rọjú jù, ògúfe àti bòkótò a máa wà lókè. Ẹran méjì méjì ni mo ṣírò fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin méjèèjì, ògúfe méjì méjì. Obìnrin kan, ṣàkì kan àti pọ̀nmọ́ kan. Èkejì tó fẹ́ iyán, ẹja kan péré, nítorí ẹja náà tóbi. Màmá, bòkótò kan àti fùkù kan. Èmi, ṣàkì kan àti ìfun kan. Ọmọ, ẹran málù kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìlá.

Kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wí, ẹ fi àpẹẹrẹ yìí wò ó. Ká ní ìgbakọ àmàlà kan jẹ́ ₦200, tí ẹran kan jẹ́ ₦700. Ìgbakọ mẹ́sàn-án jẹ́ ₦1,800. Ẹran méjìlá jẹ́ ₦8,400. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n fi ìgbakọ kan kún tòun, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Bí èèyàn mẹ́ta bá ní kí wọ́n fi ẹran kún tàwọn, ìṣirò ti yí padà. Iye tó wà lóde lè yàtọ̀ sí èyí lọ́la, ṣùgbọ́n ẹran ni yóò ṣì máa kó owó lọ. Ẹ fi ẹran ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ jẹ́ kí òkèlè máa tẹ̀ lé e.

Nípa ti màmá, ẹni tí eyín rẹ̀ kò pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀ ní bùkà. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe ń pẹ́ nínú ata gbígbóná tó ni yóò máa le sí i. Fùkù ní tirẹ̀ rọ̀. Bòkótò tó jinná dáadáa, awọ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ́ kúrò lára eegun fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè kí ẹ rí i. Ṣàkì tó jinná máa ń rọ̀ wálẹ̀ létí ìpọn, èyí tí kò jinná á nà gbọnrangandan bí rọ́bà. Lára ògúfe, ẹ wo eegun: gbogbo ẹyọ ni wọ́n ń ta ní iye kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan lè jẹ́ eegun àyà tí ẹran díẹ̀ lẹ̀ mọ́.

Ìyá olóúnjẹ ti ìgbakọ bọ omi, ó fi gbé àmàlà, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ó da gbẹ̀gìrì sápá kan, ó da ewédú sápá kejì, kò jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀. Ó wá bu ata sí ojú ààlà wọn, epo pupa náà sì ń rìn lọ sọ́tùn-ún, ó ń rìn lọ sósì. Àbùlà nìyẹn. Méjì méjì ló bu fún àwa ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú obìnrin kan, màmá gba ẹyọ kan: mẹ́sàn-án pérépéré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bu mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀kẹta á ti tutù kó tó kàn án. Ẹ̀kún, èyí tí ẹ bá tún bèèrè lẹ́yìn, ló dáa, ó ń gbóná wá látinú ìkòkò.

Iyán kò rọrùn. Etí ni mo fi yan tibẹ̀: mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé nígbà tí a wọlé, mo sì mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Èyí tí wọ́n ti wé sínú ọ̀rá láti aago mẹ́wàá á ti sé èépá, kò sì sí ọbẹ̀ tó lè tú u. Ní oṣù keje sí ìkẹjọ tí iṣu tuntun dé, omi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, iyán á rọ̀ jù, nítorí náà àwọn olóúnjẹ tó mọ iṣẹ́ máa ń wá iṣu ògbólógbòó tó ṣẹ́kù. Ẹ bèèrè. Ẹ̀fọ́ rírò ni obìnrin náà fi jẹ tirẹ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tó ní irú àti ẹja gbígbẹ nínú.

Ti ọmọ ló gba ọgbọ́n. Mọ́ínmọ́ín ní ata, gbẹ̀gìrì ní ata, ká má tiẹ̀ sọ ti ọbẹ̀ ata. Ìrẹsì funfun, dòdò àti ẹyin síse ni mo gbà fún un. Ẹran rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn án kúrò nínú ata kí wọ́n tó gbé e sí abọ́. Wọ́n ṣe é láì jiyàn.

Màmá ló kọ́kọ́ fọwọ́, lẹ́yìn náà la tẹ̀ lé e. Omi inú ọ̀rá ni a mu. Bí wọ́n bá gbé omi inú ike wá síwájú yín láìbèèrè, tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ ti rà á.

Ìsanwó ló sábà ń dá ìjà sílẹ̀. Ibẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun tán kí wọ́n tó san, ọmọge mẹ́ta ló sì ń gbé oúnjẹ, kálukú wọn ló ń há iye rẹ̀ sórí. Gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá ni mo kọ sínú fóònù. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ní kí wọ́n fi ìgbakọ kọ̀ọ̀kan kún tàwọn, ìgbakọ wa di mọ́kànlá. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ka mẹ́tàlá fún wa, torí pé ẹ̀kún tábìlì kejì ti bọ́ sí tiwa. Mo ka àkọsílẹ̀ mi fún wọn láìgbé ohùn sókè, ìyá olóúnjẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yọ méjì kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ san án láti fóònù, ẹ bèèrè orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, nítorí pé ó lè má jọ èyí tó wà lára pátákó. Ẹ má kúrò níbẹ̀ kí áláàtì tó wọlé sọ́dọ̀ wọn. Lọ́sàn-án, nẹ́tíwọ̀kì a máa falẹ̀, owó á ti kúrò lọ́dọ̀ yín kò sì ní tíì débẹ̀. Ìdajì ni mo mú lọ́wọ́ ní owó bébà, ohun tó gbà wá lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ bí ẹ bá ní àgbàlagbà lọ́wọ́, ìjókòó kì í sí. Nínú Ramadan, àwọn bùkà kan kì í ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án, ẹ tẹ̀ wọ́n láago ná. Lọ́jọ́ Àìkú náà, àwọn kan a máa tì.

Kí a tó dìde, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fẹ́ gbé gbẹ̀gìrì lọ sí Ìbàdàn. Mo ní rárá. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n dì nígbà tó ń hó, tí wọ́n so ẹnu ọ̀rá rẹ̀ pa, tó tún wá jókòó sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ fún wákàtí méjì, á ti kan kó tó délé. Ẹ̀fọ́ rírò àti ògúfe mẹ́rin ni a rà dípò rẹ̀. Inú ike ni wọ́n bù ú sí, mo ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì títí ooru rẹ̀ fi lọ, lẹ́yìn náà ni mo tó pa á dé, tí mo fi lé e lọ́wọ́.