Bí a ṣe ń ṣàbẹ̀wò sí Busan: ẹ ti ọjà ẹja wọ ìlú náà

Bí ẹ bá wá Busan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iyanrìn Haeundae ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú àwọn ilé gogoro tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ dára, ẹ ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n etí omi tí wọ́n ti ń gbafẹ́ nìyẹn. Busan ní etí omi mìíràn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ apẹja ti ń já ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wọlé ni yóò mọ ìdí tí ilé fi gun orí òkè bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí oúnjẹ wọn fi rí bó ṣe rí.

Ìlú kejì tó tóbi jù ní Gúúsù Kòríà ni Busan, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 3. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni òkè ìkòkò. Wọ́n ṣí èbúté rẹ̀ fún òwò ilẹ̀ òkèèrè ní 1876, lónìí ó wà lára àwọn èbúté tí kọ̀ńténà ń gbà kọjá jù lọ láyé.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á, ilé iṣẹ́ aṣojú Kòríà tó wà ní Abuja ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ẹ má fi owó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú kí físà tó jáde. Àwọn ènìyàn wa tó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kì í gba físà fún ìbẹ̀wò kúkúrú, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ìkànnì K-ETA, ìwé àṣẹ ìwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ìjọba Kòríà, kí wọ́n tó gbéra, torí òfin yẹn máa ń yí padà.

Oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá ló tura jù. Láti ìparí oṣù kẹfà wọ oṣù keje, òjò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn, ìjì òkun sì lè dé ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Iná wọn jẹ́ 220 volt, kò jìnnà sí tiwa, àmọ́ ihò roboto méjì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ní, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ ra adápítọ̀ dání.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé Naver Map tàbí KakaoMap sórí fóònù yín. Àwọn ni ará ibẹ̀ ń lò, wọ́n mọ gbogbo àtẹ̀gùn àti ọ̀nà tóóró tó wà lórí òkè. Ẹ fi Papago kún un, torí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ń ka àkọlé tí ẹ bá ya ní fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ fẹ́ sùn pamọ́ ní lẹ́tà Kòríà gan-an. Ní alẹ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi han awakọ̀ takisí. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó wọ awò, ó bọ́ awò, ó gbé fóònù mi jìnnà sójú, ó tún sún un mọ́ ojú. Ọmọbìnrin kan tó ń kọjá ló bá wa tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tiwọn. Bàbá náà ní "Aah!", ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà a ti dé ibẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe débẹ̀

Láti Èkó, Addis Ababa, Doha tàbí Dubai ni ọ̀pọ̀ ń gbà lọ sí pápákọ̀ òfúrufú Incheon, nítòsí Seoul. Ẹ wọ rélùwéè AREX láti pápákọ̀ dé ibùdókọ̀ Seoul, kí ẹ wá wọ KTX, rélùwéè asáré, lọ sí Busan. Ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 60,000 won. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Busan, èbúté ló wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá bá ọkọ̀ òfúrufú dé Gimhae, pápákọ̀ Busan, ní tirẹ̀ yóò wọ rélùwéè kékeré dé Sasang, níbi tí láìnì 2 ti rélùwéè ìlú ti ń kọjá.

Ẹ ra káàdì T-money, tí ẹ ó fi máa san owó ọkọ̀, ní èyíkéyìí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí kì í ti ilẹ̀kùn, bíi CU tàbí GS25, kí ẹ fi owó pépà kún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí kọ́ ni ẹ máa nílò owó pépà, torí náà ẹ ní díẹ̀ lápò. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ fi káàdì náà kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ẹ san owó ọkọ̀ kejì ní odindi.

Ní ti ibùsùn, àdúgbò Nampo ni mo fara mọ́ fún alẹ́ méjì àkọ́kọ́, torí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Jagalchi, ọjà ẹja náà. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, Seomyeon ni láìnì 1 àti 2 ti pàdé.

Àárọ̀ àkọ́kọ́: Jagalchi

Ẹ jí ní kùtùkùtù. Ẹ wọ láìnì 1, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn, dé Jagalchi, kí ẹ jáde ní ẹnu ọ̀nà 10. Òórùn òkun ni yóò mú yín dé ọjà. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tó máa ń sinmi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kìíní àti ẹ̀kẹta nínú oṣù, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn.

Obìnrin ló ni ọjà yìí. Jagalchi ajimae ni wọ́n ń pè wọ́n. Ajumma ni ará Seoul máa ń pe ìyá tó ti dàgbà, ajimae ni ti Busan. Mo dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn, ìyá tí yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún, bàtà rọ́bà dé orúnkún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà pupa lọ́wọ́. Omi ń ṣàn láti inú ọpọ́n kan sí èkejì kí ẹja má bàa kú. Ó mú kkomjangeo kan, ẹja gígùn bí ejò tó ń yọ̀ bíi ilá. Ó fi orí rẹ̀ kọ́ ìṣó tó wà lójú pátákó, ó fi ọ̀bẹ yí ọrùn rẹ̀ ká, ó sì fa awọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mi ò tíì mí tán tó fi mú òmíràn. Nígbà kan, awọ ẹja yìí ni wọ́n kà sí. Ebi ogun Kòríà ló mú kí wọ́n máa fi ata sun ẹran rẹ̀ jẹ, oúnjẹ àpọ́nlé ló sì dà lónìí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, "eolmayeyo?" ni èló ni. Ẹ béèrè kí wọ́n tó pa ẹja náà, wọn yóò tẹ iye rẹ̀ sójú ẹ̀rọ ìṣirò. Wọn kì í nájà fàà bíi ti Bódìjà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ènì! Deom ni wọ́n ń pè é. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ pe ìyá náà ní "imo", ìyẹn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni lóbìnrin, bóyá ẹ ó rí akàn kékeré kan nínú ọ̀rá yín. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹja yín lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn yóò bá yín sè é. Owó sísè yàtọ̀ sí owó ẹja, torí náà ẹ béèrè ìyẹn náà.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹja tútù, kó béèrè godeungeo tí wọ́n yan. Ẹ máa dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: títù tiwa ni! Ẹja yìí náà ni ìlú Busan fi ṣe àmì ara rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì funfun, ilé sì sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀sán: ẹ gun òkè

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù Kòríà ní oṣù kẹfà 1950, Àríwá gba ilẹ̀ títí ó fi ku igun kékeré kan ní gúúsù, Busan sì wà nínú igun yẹn. Ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Òun ni olú ìlú fìdíhẹẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún ogun náà títí di 1953, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé sì ya wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń pínyà lójú ọ̀nà máa ń sọ fún ara wọn pé afárá Yeongdo ni àwọn yóò ti pàdé, torí òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ìlú náà. Wọ́n ṣí i ní 1934, wọ́n sì tún un kọ́ ní 2013, ẹ̀gbẹ́ ọjà ló wà. Ẹ rìn dé ibẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀.

Ilẹ̀ títẹ́jú kò tó, òkè ló kù. Ẹ wọ láìnì 1 dé Toseong, ibùdó kan péré sí Jagalchi, ẹ jáde ní ẹnu ọ̀nà 6, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì kékeré Saha 1-1 tàbí Seogu 2. Ẹ di irin mú dáadáa, ọ̀nà náà ga. Ami-dong ni ẹ ó kọ́kọ́ kàn. Nígbà tí Japan ń ṣàkóso Kòríà, láti 1910 sí 1945, ibi ìsìnkú wọn ni. Àwọn tí ogun lé dé kọ́ ilé sórí ibojì, wọ́n fi òkúta ibojì ṣe ìpìlẹ̀ àti àtẹ̀gùn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ ó rí lẹ́tà orúkọ òkú tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, agolo gáàsì ìdáná sì dúró lórí rẹ̀.

Gamcheon ló tẹ̀ lé e, àwọn ilé aláwọ̀ mèremère tí ẹ ti rí ní fọ́tò. Wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí àtẹ̀gùn kí ilé kan má ṣe dí ojú ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní 2009. Ènìyàn ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn o! Ẹ má yọjú wo fèrèsé ẹni ẹlẹ́ni, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oúnjẹ àti ìwà

Dwaeji gukbap ni oúnjẹ tí Busan fi ń yangàn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú omi ọbẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú ìrẹsì. Edé oníyọ̀ ni wọ́n fi ń mú un dùn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ṣọ́ra, torí orúkọ rẹ̀ lè má sọ fún yín. "Dwaeji" ni ẹlẹ́dẹ̀. Mọ́sálásí Al-Fatah wà nítòsí ibùdókọ̀ Dusil lórí láìnì 1 fún ẹni tó fẹ́ kírun. Milmyeon, núdùlù tútù tí wọ́n fi fúláwà ṣe, náà jẹ́ oúnjẹ tí ogun bí: àwọn ará Àríwá kò rí ọkà tí wọ́n mọ̀ lò, fúláwà ìrànwọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀ náà.

Ọmọ Yorùbá kò ní ṣòro kọ́. Wọ́n ń tẹrí ba fún àgbà, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹun. "Annyeonghaseyo" ni ẹ fi ń kí ènìyàn, "gamsahamnida" ni ẹ ṣeun. Ẹ má gún igi ìjẹun dúró sínú ìrẹsì, oúnjẹ òkú ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní láti fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá ní owó lé. Ìjókòó aláwọ̀ píǹkì nínú rélùwéè jẹ́ ti aboyún, ẹ fi í sílẹ̀ bó tilẹ̀ ṣófo.

Ọjọ́ tó kù: òkun

Ní báyìí ẹ lè lọ sí Haeundae. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì 181 ń lọ sí Haedong Yonggungsa, ilé ìjọsìn ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1376 lórí àpáta, tí ìgbì ń lù lẹ́sẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, torí tí aago mẹ́wàá bá ti kọjá, fọ́tò ni gbogbo ènìyàn ń yà.

Gwangalli ni kí ẹ fi alẹ́ yín sí. Ẹ jókòó sórí iyanrìn kí ẹ máa wo iná afárá Gwangan tí wọ́n ṣí ní 2003, tó na ara rẹ̀ lójú omi. Láàárín òru, rélùwéè ìlú máa ń dáwọ́ dúró, torí náà ẹ dìde ní aago mọ́kànlá. Ibùdókọ̀ Gwangan kò jìnnà, láìnì 2 ni, bí Nampo ni ẹ bá ń padà sí, ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Seomyeon.