Ìrírí mi: bí a ṣe fi òdòdó wọ kànga láṣọ ní Derbyshire

Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti ń rọlẹ̀, tí ọmọ àgùntàn ń ta kiri lórí pápá, àwọn abúlé Derbyshire máa ń wọ kànga wọn láṣọ. Aṣọ náà, àwòrán ńlá ni, tí wọ́n fi ewé òdòdó, kóró, ewéko àti èèpo igi tò sórí amọ̀, tí wọ́n sì gbé dúró sẹ́yìn ìsun omi tó ti ń fún àwọn baba ńlá wọn lómi mu. Well dressing ni wọ́n ń pè é. Èrò máa ń rọ́ wá láti Manchester, Sheffield, Derby àti Nottingham. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ kéèkì, wọ́n á bọ́ sínú mọ́tò wọn. Kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ìdajì ọdún náà ni wọ́n rí. Ìdajì kejì, tó dùn jù, wà nínú abà níbi tí wọ́n ti ń tò ó, kí àlejò kankan tó dé. Wọ́n mú mi wọ ibẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ ròyìn fún yín.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ashbourne. Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń lọ bá, màmá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti ń to òdòdó láti kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí. Lọ́jọ́ kan tí mò ń po tíì fún un, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, ó ní, "Ọwọ́ tìrẹ kò gbọ̀n. Wá jẹ́ ọwọ́ mi lọ́dún yìí." Gbogbo abúlé, àtọmọdé àtàgbà, ló ń pè é ní orúkọ àbísọ rẹ̀. Ẹnu tèmi kò gbà á. Màmá ni mò ń pè é, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Kí n tó dé orí amọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Tissington, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn gbà pé ó jẹ́ àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Abúlé kékeré ni, olókùúta, adágún pẹ́pẹ́yẹ kan wà láàárín rẹ̀, kò sì ju nǹkan bíi máìlì mẹ́rin sí Ashbourne. Kànga mẹ́fà ni wọ́n máa ń wọ̀ láṣọ níbẹ̀: Hall Well, Hands Well, Coffin Well, Town Well, Yew Tree Well àti Children's Well. Ìtàn méjì ni wọ́n ń sọ nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 sí 1349 ni, tí ikú ń pa kiri ṣùgbọ́n tí kò ya ọ̀dọ̀ wọn; wọ́n ní omi wọn tó mọ́ ló gbà wọ́n. Àwọn mìíràn ní ọ̀dá ọdún 1615 ni, nígbà tí omi gbẹ káàkiri àgbègbè náà tí ti Tissington ṣì ń sun. Màmá fara mọ́ ti àjàkálẹ̀ àrùn. Ti ọ̀dá lèmi fara mọ́: ẹni tó bá ti fi kẹ́ẹ̀gì tò sórí ìlà omi rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn mọ ìdí tí èèyàn fi lè kọrin fún kànga.

Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run Jésù ni Tissington máa ń ṣe tirẹ̀, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ tó bọ́ sí ogójì ọjọ́ bí a bá ka ọjọ́ Àjíǹde mọ́ ọn. Àlùfáà á wọṣọ ìsìn, á kó ìjọ lẹ́yìn, wọ́n á máa ti kànga kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á kọrin, á súre fún omi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín sínú. Bí ọmọ ìjọ kan bá gbé òdòdó lọ sétí odò nílé lọ́hùn-ún lónìí, ìsìn ìdáǹdè ni wọn yóò fi pàdé rẹ̀ lọ́nà. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé àṣà náà ti wà kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé, pé ṣọ́ọ̀ṣì kàn gbà á mọ́ra ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Òṣogbo lóṣù Kẹjọ, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ abà.

Pátákó la fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kan ìṣó kún ojú rẹ̀, orí ìṣó yọ síta kí amọ̀ lè rí nǹkan dì mú. Wọ́n rì í sínú adágún fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí igi gbígbẹ á fa omi inú amọ̀, amọ̀ á sán, òdòdó á já bọ́. Igi tó ti mumi yó kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá da amọ̀ sínú ọpọ́n ńlá, a bu omi àti iyọ̀ sí i, a sì ń fẹsẹ̀ po ó. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló fẹ́ràn ibẹ̀ jù, àwọn ìyá tó máa fọ aṣọ wọn ló kórìíra rẹ̀ jù. Amọ̀ náà gbọ́dọ̀ rọ̀ tó kí ìka lè wọ̀ ọ́, kó má sì rọ̀ débi tí yóò ṣàn. A tẹ́ ẹ sórí pátákó, ó nípọn tó ínǹṣì kan, a fi pákó pẹlẹbẹ gé ojú rẹ̀ títí ó fi dán.

Nóà nínú ọkọ̀ ni àwòrán tí wọ́n yàn, tí àdàbà ń gbé ewé ólífì bọ̀. Ẹnìkan tó mọ àwòrán yà ti yà á sórí bébà tó fẹ̀ tó pátákó gan-an. A tẹ́ bébà náà sórí amọ̀, a ń fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo ojú ìlà rẹ̀. Nígbà tí a ká bébà kúrò, Nóà ti wà níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ojú abẹ́rẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Igi kan wà tó máa ń hù létí odò, alder ni wọ́n ń pè é. Èso rẹ̀ kékeré, ó dúdú, ó le. Láti ìgbà òtútù ni wọ́n ti ṣà á sínú àpò. Lọ́kọ̀ọ̀kan là ń tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀, tí a ń tọ ojú abẹ́rẹ́, títí gbogbo àwòrán fi ní ìlà dúdú yípo. Àwọn abúlé mìíràn máa ń lo kóró kọfí tàbí òwú dúdú. Pátákó wà nílẹ̀ lórí tábìlì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yìn mi sì mọ̀ ọ́n lára. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá nà án sí mi: "Sókè díẹ̀. Rárá. Yọ ìyẹn." Mo yọ ọ́. "Dá a padà." Mo dá a padà. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn ló ti jẹ ọ̀pá náà rí.

Òfin kan wà tí wọn kì í fọwọ́ pa rárẹ́: ohun gbogbo tó bá máa wọ orí amọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ilẹ̀ hù tàbí tí ẹranko pèsè. Kò sí ike, kò sí ọ̀dà. Ohun tó bá lè pẹ́ là ń kọ́kọ́ fi sí i, bíi kóró, èèpo igi, èèpo ẹyin, irun àgùntàn, àti koríko múlọ́múlọ́ tó ń hù lára òkúta. Òdòdó tútù ló ń kẹ́yìn.

Nígbà tó kan ojú Nóà, obìnrin kan gbé ewé òdòdó tó ràn bí ojú òyìnbó wá. Mo béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá ó di dandan kí Nóà jẹ́ òyìnbó. Abà dákẹ́. Màmá ní, "Kí lo ní?" Mo ní mo ní ẹ̀pà sísun nílé. Ní ọjọ́ kejì, mo kó èèpo pupa tó máa ń bó lára ẹ̀pà wá sínú ike. A tẹ̀ ẹ́ wọ amọ̀ tútù, ó sì gba omi, ó pọ́n dúdú, ó rẹwà ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹnu ọ̀nà ti wá là. Mo tún mú ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó wá, òun la fi ṣe ìyẹ́ àdàbà. Ẹ̀gúsí kọ̀ọ̀kan ní ìdí tóóró àti orí fífẹ̀, bí ẹ bá tò ó léra, ìyẹ́ ni lóòótọ́. Wọ́n bi mí ohun tí à ń fi ṣe. Mo sọ fún wọn. Bí mo ṣe di ẹni tó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún ìgbìmọ̀ nìyẹn, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní ti òdòdó, ọgbà kálukú ló ti wá, wọ́n sì ra díẹ̀ kún un. Bluebell, òdòdó búlúù tó máa ń bo abẹ́ igi bí ìgbà ìrúwé bá dé, ẹwà rẹ̀ lè mú yín ṣe wàhálà: òfin ọdún 1981 kò gbà kí èèyàn hú u láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹ wò ó lójú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í to ewé òdòdó, à ń lọ sókè. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan la ń tẹ̀ wọ amọ̀. Èyí tó wà lókè gbọ́dọ̀ gun orí èyí tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, kí òjò lè máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ dípò kó wọ abẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, òjò àkọ́kọ́ ni yóò tú iṣẹ́ rẹ̀, òjò Derbyshire kì í sì í jìnnà. Ewé kan, ewé kan, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ ń lọ lórí tábìlì: iye tí wọ́n ta àgùntàn, ọmọ ta ló ń kó lọ sí London, ta ló kú. Níbẹ̀ ni mo ti mọ àwọn aládùúgbò tí a ti ń juwọ́ síra wa láti ọjọ́ pípẹ́ láìmọ orúkọ.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi katakata gbé pátákó lọ sídìí kànga. Amọ̀ tútù wúwo! Àwọn ọkùnrin alágbára mí hẹlẹ kí wọ́n tó gbé e nàró. Àlùfáà dé, ó súre, ẹgbẹ́ onífèrè fọn fèrè wọn, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn abúlé fún títa tíì. Nígbà tó yá, àwọn ẹyẹ rí ẹ̀gúsí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìyẹ́ apá òsì, wọ́n sì jẹ àdàbà Nóà dé àyà. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bí oṣù Karùn-ún ṣe ń lọ sópin, ibi méjì mìíràn wà tí mo lè tọ́ka sí. Wirksworth máa ń ṣe tirẹ̀ ní ìsinmi òpin oṣù náà. Kò sí ìtàn àjàkálẹ̀ àrùn níbẹ̀: 1827 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n sì wọ̀ láṣọ. Èyí wù mí. Mo mọ ìlú tí wọ́n á fi aṣọ òkè wọ ẹ̀rọ omi bí omi bá lè yọ lẹ́nu rẹ̀.

Èkejì ni Castleton, lápá àríwá, lábẹ́ òkè Mam Tor. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni tiwọn, àyàfi bó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, wọ́n á fà á sí Sátidé. Garland Day ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọjọ́ ẹ̀ṣọ́ òdòdó. Wọ́n so ó mọ́ ọjọ́ tí Ọba Charles Kejì padà wọ London ní 1660. Ọkùnrin kan á gun ẹṣin, wọ́n á gbé férémù ńlá tí wọ́n fi òdòdó àti ewé bò kó o lórí, á sì bò ó dé ìbàdí. Obìnrin kan á gun ẹṣin tẹ̀lé e. Títí di 1955, ọkùnrin tó múra bí obìnrin ló ń wà ní ipò yẹn. Ìlù ń lọ, àwọn ọmọbìnrin aláṣọ funfun ń jó, ilé ọtí kan kò sì ní ṣẹ́ kù tí wọn ò ní dúró sí. Ọ̀rẹ́ mi tó wá láti Sheffield pariwo pé, "Egúngún rèé o!" Kò jìnnà sí i lóòótọ́: ẹ ò rí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀, èrò ń tẹ̀lé e, àtòrì nìkan ló kù. Ní ìparí, wọ́n fi okùn fa férémù òdòdó náà gòkè lọ sórí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì St Edmund, ibẹ̀ ló sì máa rọ sí.

Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ bọ́ọ̀sì láti Derby dé Ashbourne, kó wá fẹsẹ̀ rìn dé Tissington lórí ọ̀nà ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní 1971. Ó tẹ́jú, kò ju wákàtí méjì lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ná, torí abúlé mìíràn máa ń fo ọdún kan. Bí ẹ bá sì ń gbé nítòsí, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ abúlé ní oṣù Kẹrin, ẹ ní ẹ fẹ́ wá to òdòdó. Ọwọ́ kì í pọ̀ jù fún wọn láé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òdòdó ti pọ́n, ó ti rọ. A tú pátákó, a ha amọ̀ padà sínú ọpọ́n fún ọdún tó ń bọ̀, a gbá abà. Màmá ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèpo ẹ̀pà jọ láti ìsinsìnyí: Mósè àti Òkun Pupa ni wọ́n yàn, èèyàn inú rẹ̀ á sì pọ̀.