Ṣé ẹ̀wù irin lẹ fẹ́, àbí ọpọlọ tó rọ ọ́? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyan kíláàsì fún akọni alágbẹ̀dẹ

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe DM, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, nínú géèmù Dungeons & Dragons ní Adó-Èkìtì níbí, ní ọ̀sán Sátidé, iná ìbáà wà, kò báà sí. Kò sí akọni tí àwọn ẹni tuntun ń béèrè tó ẹni tó gbé ẹ̀wù irin wọ̀, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́, tí mànàmáná ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kò sì sí èyí tí wọ́n ń bà jẹ́ tó o. Mo ti wò ó títí, ó ti sú mi. Ẹ ń náwó, ẹ ń fi oṣù mẹ́ta gbá géèmù, lẹ́yìn náà ẹ ó ní Dungeons & Dragons kò dùn. Ó dùn. Kíláàsì, ìyẹn irú akọni, tí ẹ mú ni kò bá ohun tó wà lọ́kàn yín mu.

Mo gbà pé ẹ ti mọ dáìsì, ẹ mọ AC (nọ́ńbà tí dáìsì ọ̀tá gbọ́dọ̀ dé kó tó lè bà yín), ẹ mọ ohun tí ìpele jẹ́. Mi ò ní padà sídìí ìyẹn.

Àṣìṣe kìíní ni kí ẹ sáré ra ìwé. Artificer, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń fi idán kún ohun èlò, ni kíláàsì tí ẹ ń wá. Kò sí nínú Player's Handbook, ìwé òfin àwọn tó ń gbá a, ti 2014, kò sì sí nínú ti 2024. Ọdún 2019 ló dé pẹ̀lú ìwé Eberron, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ Armorer, ti ẹlẹ́wù irin, wá tẹ̀lé e ní 2020 nínú Tasha's Cauldron of Everything. Òfin ìgbà náà ni tábìlì wa ń lò, òun náà ni mo ń sọ níbí. Ọmọkùnrin kan ní kí àbúrò ìyá òun fi Handbook ránṣẹ́ sóun láti Amẹ́ríkà. Ó san owó ẹrù, ó fi ọ̀yàyà gbé e wá sórí tábìlì, a ṣí i láti èèpo dé èèpo, kò rí Artificer. Ojú rẹ̀ fà ro. Ẹ béèrè ìwé tí tábìlì yín ń lò kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ìwé kan tó ènìyàn márùn-ún.

Àṣìṣe kejì: ẹ rí irin, ẹ kó gbogbo nọ́ńbà yín sínú Strength (agbára ara). Mo mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó bá ti dé àgbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé ẹni tó ń fẹ ẹwìrì àti ẹni tó ń lu irin gbọ́dọ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n Armorer kì í fi agbára ara gbé ẹ̀wù rẹ̀. Plate, ẹ̀wù irin tó bo gbogbo ara, ń béèrè Strength 15 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí Armorer bá ti sọ ọ́ di Arcane Armor (ẹ̀wù idán) ní ìpele kẹta, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ àti mànàmáná rẹ̀, Intelligence (ọpọlọ) ló fi ń lu ọ̀tá. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni méjì ní ìpele kẹta. Ọ̀kan ní Strength 16, Intelligence 10. Èkejì ní Strength 8, Intelligence 16. Tí wọ́n bá ju ẹ̀ṣẹ́, àwọn méjèèjì ń fi 5 kún dáìsì (3 láti ara 16 yẹn, 2 torí pé wọ́n mọ ohun ìjà náà lò), ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ọfọ̀ tí ẹ̀ka náà fún àwọn méjèèjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹni àkọ́kọ́ lè múra rẹ̀ sílẹ̀, èkejì lè múra mẹ́rin. Ọ̀tá tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọfọ̀ ẹni àkọ́kọ́, 10 ló nílò; ti èkejì, 13. Tó bá wá di ìpele keje, tí Flash of Genius (ẹ̀bùn ríran ẹlòmíràn lọ́wọ́) dé, tí ọ̀rẹ́ yín fẹ́ já sínú ọ̀gbun, tí ẹ fẹ́ fi Intelligence yín kún dáìsì rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ yóò na ọwọ́, òdo ni yóò fi kún un.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ yín. Thunder Gauntlets, ìbọ̀wọ́ irin Armorer, kì í ṣe ohun ìjà ní ọwọ́ tó bá di nǹkan mú. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ti Ìwòróko wá bá wa gbá ra ère kékeré kan fún akọni rẹ̀, asà lọ́wọ́ òsì, owú ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó fúnra rẹ̀ kùn ún. Ojú owú náà pupa bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná. Ìjà àkọ́kọ́ dé, ó ní òun fẹ́ fi owú lu adigunjalè kan tí AC rẹ̀ jẹ́ 13. Dáìsì yí, ó dúró ní 11. Warhammer, ìyẹn owú náà, kò sí lára ohun ìjà tí Artificer mọ̀ ọ́n lò, nítorí náà kò rí àfikún kankan. Strength rẹ̀ tó jẹ́ 8 tún yọ 1 kúrò. Mẹ́wàá. Ó tàsé. Tó bá jẹ́ ìbọ̀wọ́ irin rẹ̀ ló lò, 16 ni ìbá jẹ́. Ó wo bébà, ó wo ère náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gé owú yìí kúrò ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Asà lọ́wọ́ kan, ìkúùkù òfìfo lọ́wọ́ kejì, ó parí.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́: àmúlùmálà kíláàsì. Ẹnìkan á ní kí òun mú ìpele Fighter (jagunjagun) méjì, kí òun bu ti Barbarian (oníjà tó ń fi ìbínú jà) kan sí i, kí òun tó wá fi Artificer mẹ́ta lé e, ó ní kí akọni òun lè le. Mo ní ọmọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. A dé ìpele kẹfà, ìjà bẹ́ lórí afárá kan. Paladin, jagunjagun ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, ń lù lẹ́ẹ̀mejì nígbàkigbà tó bá kàn án. Wizard, oṣó ẹgbẹ́ náà, ń ju fireball, ọfọ̀ iná ńlá. Òun lù lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Extra Attack (lílù ẹ̀ẹ̀kejì) ti Artificer ń dé ní ìpele karùn-ún Artificer fúnra rẹ̀. Pé akọni ti pé ìpele márùn-ún lápapọ̀ kò kàn án. Ó ní kí òun bínú bíi Barbarian. Mo ní kó ka òfin: ẹni tó wọ ẹ̀wù irin wúwo kì í jèrè nínú Rage (ìbínú Barbarian), ẹni tó sì wà nínú Rage kò lè pe ọfọ̀. Ohun tó rà ní ìpele kan ti pa ohun tó rà ní ìpele mẹ́ta. Nígbà tó fi máa kàn án lẹ́ẹ̀kẹrin, fóònù ló ń tẹ̀. Mi ò bínú sí i. Èmi ni DM, ojú mi ló ṣe kọ ọ́, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Kí sì ni Fighter fẹ́ fún yín gan-an? Tí ẹ bá ní ẹ̀wù irin wúwo, Armorer ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìpele kẹta. Sùúrù ìpele méjì ni wọ́n ní kí ẹ ní, ẹ kò ní in, ẹ wá fi ìpele méjì ra ohun tí wọ́n fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Ẹni tó dúró nínú Artificer, tó bá di ìpele kẹsàn-án, ẹ̀wù rẹ̀ pín sí mẹ́rin: àyà, bàtà, àṣíborí àti ohun ìjà rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba infusion (idán tí Artificer ń fi sínú ohun èlò) tirẹ̀, wọ́n á tún fi méjì kún iye tó lè ní, bí méjèèjì bá ti wà lára ẹ̀wù náà. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń rọ irin ti ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹlẹ́ni-mẹ́ta-nínú-ọ̀kan kì í dé kí géèmù tó parí.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa ń gbà láì jiyàn: Wizard tó fi Artificer kan bẹ̀rẹ̀. Ó rí ẹ̀wù agbedeméjì, ó rí asà, ó rí ààbò Constitution (ìfaradà ara) tí kì í jẹ́ kí ọfọ̀ rẹ̀ tètè já, slot rẹ̀ (àyè tó fi ń pe ọfọ̀) kò sì dín rárá. Ìpele àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ o. Tó bá pẹ́ kó tó mú un, ààbò Constitution ti lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ ni Artificer. Ọmọ Ìrè-Èkìtì kan wá bá mi, ó ní òun fẹ́ akọni tó ń rọ irin bí Ògún Onírè. Mo bi í: ṣé ẹni tó jókòó ronú kan iṣẹ́ náà ni, àbí ẹni tí Ògún gùn? Kò tíì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ní ẹni tí Ògún gùn. Forge Cleric, àlùfáà àgbẹ̀dẹ, nìyẹn, ti 2017. Wisdom (ọgbọ́n inú) ló ń lò. Láti ìpele kìíní ló ti ń wọ ẹ̀wù wúwo, ó lè súre fún ohun ìjà tàbí ẹ̀wù kó di +1. Ní ìpele kẹfà, iná kì í jó o tó ẹlòmíràn, AC rẹ̀ sì fi 1 ga sí i nínú ẹ̀wù wúwo. Tó bá jẹ́ pé ẹranko irin tí ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kiri ló wù yín, Battle Smith, ẹ̀ka Artificer mìíràn, lẹ ń wá. Tó bá jẹ́ ìbọn ńlá, ẹ̀ka Artillerist ni.

Ẹ má sáré sí plate. Èmi náà jẹ̀bi níbí. Infiltrator ni mo ṣe nígbà náà, oríṣi Armorer tó ń yọ́ rìn. Dampening Field, ẹ̀bùn ẹ̀wù rẹ̀, ń jẹ́ kí n ju dáìsì méjì fún Stealth (yíyọ́ rìn) kí n mú èyí tó ga. Plate ń ní kí n mú èyí tó kéré. Méjèèjì pa ara wọn, ó ku dáìsì kan. Breastplate (ẹ̀wù irin àyà nìkan), gold 400, kò ní ìdíwọ́ yẹn, AC 16 ni ìbá sì fún mi pẹ̀lú Dexterity (ìyára ara) tí mo ní. Mo bẹ ẹgbẹ́ mi títí wọ́n fi dá gold 1,500 jọ kí n lè fi plate ní AC 18. Lálẹ́ ọjọ́ tí a wọ ààfin, mo ju 4, àwọn ẹ̀ṣọ́ jí. Rogue (ayọ́kẹ́lẹ́rìn) wa, ẹni tó dá owó jù, ló kú.

Ẹ ra ohun èlò alágbẹ̀dẹ, gold 20 ni. Láìsí i lọ́wọ́ yín, ẹ̀wù kò lè di Arcane Armor.

Guardian, oríṣi Armorer tó yẹ kó wà níwájú ìjà, tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn Wizard kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Infusion tí ẹ ní ní ìpele kejì, ẹ má fi méjèèjì sára ara yín.

Bí ẹ bá sì ti wọ inú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ sọ fún DM yín, ẹ má dákẹ́. Títí dé ìpele karùn-ún, mo máa ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bébà rẹ̀ kọ. Ti ọmọkùnrin orí afárá yẹn ti kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà fún un torí pé èmi ni mo jẹ́ kó ṣe é. Ó kọ ọ́ tuntun: Artificer mẹ́fà, Armorer, Guardian. Ó wá ní kí n jọ̀wọ́ jẹ́ ká tún ìjà afárá náà ṣe. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tó sì kàn án, ó lù lẹ́ẹ̀mejì.