Kí Ẹ Tó Ra 070 Àlòkù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agégi. Mo rí i pé àwọn kan ń wá ayùn ẹlẹ́ńjìnnì (chainsaw) Stihl àtijọ́ rà, ni mo ṣe ní kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Oríṣi 070 àti 090 jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àyè inú ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀: 106 cc ni ti 070, 137 cc ni ti 090. Fífẹ̀ písítìnì ló fa ìyàtọ̀ náà, 58 mm sí 66 mm, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ti ọ̀kan fún yín mọ́ èkejì. Fún lílà pákó, 070 tó fún èmi. Ọ̀mùtí epo ni 090.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú sàlẹ́ńsà (ike irin tí èéfín ń gbà jáde), kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ara písítìnì láti ojú ihò èéfín. Bí ẹ bá rí ilà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti há rí nìyẹn, bó ti wù kí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn ún tó.

Tó bá jẹ́ ọ́ìlì two-stroke lásán lẹ ń lò, 200 ml sí pẹtiróòlù lítà 5. Ẹ fi ike wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n!

Púpọ̀ nínú àwọn àtijọ́ yìí kò ní bíréèkì tó ń dá ṣéènì dúró bí ayùn bá ta padà, nítorí náà ẹ má fi ṣóńṣó irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀ kan igi. Ẹ máa yí irin náà dojú délẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pààrọ̀ ṣéènì, kí ó má baà jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fún pípọ́n eyín rẹ̀, fáìlì 5.5 mm ló bá ṣéènì oníwọ̀n .404 ínṣì mu.