Bí mo ṣe fojú ara mi rí erin ní Yankari

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ. Ọdẹ ni wọ́n títí wọ́n fi lọ, àmọ́ wọn ò rí erin rí. Oríkì rẹ̀ nìkan ni wọ́n jogún. Èmi ni mo wá rí i, ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, lóṣù Kìíní ọdún tó kọjá.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo sọ fún ló rò pé Yankari dà bí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí èèyàn á sanwó tán, tí kìnnìún á sì jókòó sínú àgò dè é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Igbó ni, ó sì fẹ̀ tó kìlómítà 2,244 níbùú lóròó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, koríko á ga ju èèyàn lọ, omi á wà níbi gbogbo, ẹranko á sì fọ́n ká. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, odò Gaji ni gbogbo wọn ń wá.

A wọ ọkọ̀ òfurufú dé Àbújá, a gba Jọ́ọ̀sì dé Bauchi, ó sì tún lé ní 100 kìlómítà láti ibẹ̀. Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú. Eṣinṣin tsetse wà níbẹ̀, àwọ̀ méjèèjì yìí ló fẹ́ràn jù, ó sì ń ta èèyàn láti orí aṣọ. Jíǹsì búlúù ni ọkọ mi wọ̀, itan rẹ̀ sì wú fún ọjọ́ méjì. Ẹ mú súwẹ́tà dání pẹ̀lú, torí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kiri kò ní fèrèsé, ọyẹ́ àárọ̀ ibẹ̀ sì ń wọ eegun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, a kiri fún wákàtí méjì àtààbọ̀, a ò rí erin. A rí ìmàdò tó kúnlẹ̀ lórí orúnkún iwájú tó ń jẹko. A rí òtòlò létí odò, àti àkàlàmàgbò méjì tó ń rìn nílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí àwọn àgbà tó ń ti ìpàdé bọ̀. Àwọn kan nínú ọkọ̀ ti ń kùn. Amọ̀nà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màláàmù, ní kí awakọ̀ dúró nídìí igi kan. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ara igi náà lókè, ó ga ju orí mi lọ dáadáa. Erin ló fi ara nù síbẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú díẹ̀, Màláàmù fi igi là á: okùn koríko àti kóró èso ni gbogbo inú rẹ̀, ó sì ṣì tutù. Ó ní kò tíì pẹ́ tó kọjá. Ẹ̀yin tó bá máa lọ, ẹ má jẹ́ kí ìdúró sú yín, torí níbi ìdúró yẹn ni ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

Ní ọ̀sán, ọ̀bọ ńlá kan, onímú gígùn bíi ti ajá, fa sípù báàgì mi, ó mú búrẹ́dì, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá yín pa. Lẹ́yìn náà a lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Wikki. Omi tó ń sun láti abẹ́ àpáta ni, ó mọ́ débi pé èèyàn ń rí yanrìn ìsàlẹ̀. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí 31 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Màláàmù sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, "Giwa," ìyẹn erin lédè Hausa. Mo gbọ́ tí ẹ̀ka igi dá. Mo wò, mi ò rí nǹkan kan. Àfi bí ohun tí mo pè ní òkìtì ọ̀gán ṣe ju etí.

Méje ni wọ́n. Ọ̀kan fi ọwọ́ ìjà fa koríko tu, ó gbọn ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ dànù, kó tó kì í bọ ẹnu. Bó ṣe ṣe é nìyẹn léraléra, láìkánjú. Ọmọ kékeré kan wà lábẹ́ ikùn ìyá rẹ̀. Màláàmù ní etí tí wọ́n ń jù yẹn ni wọ́n fi ń tu ara wọn lára, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá a máa tutù. Lójijì ìyá yẹn kọjú sí wa, ó na etí méjèèjì. Màláàmù gbé ọwọ́ sókè pé kí ẹnikẹ́ni má dìde, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ó wò wá pẹ́. Ó wá padà sídìí koríko rẹ̀.

Nǹkan bí 100 erin ló kù níbẹ̀, agbo tó sì pọ̀ jù ní Nàìjíríà nìyẹn. Nílẹ̀ tiwa, díẹ̀ ṣì fara pamọ́ sí igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó dùn mí dé ọkàn pé ẹran tí a ní oríkì rẹ̀ tó báyìí ti fẹ́ ẹ̀ tán nínú igbó wa.

Ẹnu mi ti ń sọ ọ́ kí n tó mọ̀: ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo tí í fa ọ̀pẹ tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Wọ́n ti ń wọ odò, ọmọ yẹn wà láàárín. Màláàmù bi mí pé kí ni mò ń sọ. Mo ní oríkì erin ni, lédè wa.

Ó ní kí n tún un kì.