Racecadotril fún ìgbẹ́ gbuuru: iye tí àgbà ń lò àti iye tó yẹ ọmọdé

Kẹ́ ẹ tó béèrè racecadotril ní kẹ́míìsì, ẹ kọ́kọ́ ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, torí omi tó ń jáde lára ló ń pààyàn nínú ìgbẹ́ gbuuru, racecadotril ò sì lè dá omi yẹn padà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín omi àti iyọ̀ tí ìfun ń tú dà sínú ìgbẹ́ kù. Òun ni wọ́n ń tà ní Hidrasec tàbí Tiorfan, àwọn èèyàn wa ní Kùtọnu àti Àjàṣẹ́ á mọ Tiorfan. Kì í dá ìrìn ìfun dúró bíi Imodium, oògùn ìgbẹ́ gbuuru mìíràn, Imodium yẹn ẹ má fún ọmọ kékeré rárá o.

Ti àgbà ò le. Kápúsù 100 mg kan lójú ẹsẹ̀, aago yòówù kó lù, lẹ́yìn náà kan láàárọ̀, kan lọ́sàn-án, kan lálẹ́, kẹ́ ẹ tó jẹun. Tẹ́ ẹ bá ti yàgbẹ́ tó dáa lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dá a dúró. Ọjọ́ 7 ló pẹ́ jù.

Ti ọmọdé ló gba sùúrù, torí kílò la fi ń wò ó, kì í ṣe ọjọ́ orí, àwọn ọmọ ọdún méjì kan wà tí wọn ò ju kílò 9 lọ, ẹgbẹ́ wọn á sì wọn 14. Bí ò bá sí ìwọ̀n ọmọdé, kí ìyá gbé ọmọ dání gun ìwọ̀n, kó tún dá gun ún, tí tìyá tọmọ bá jẹ́ 71 tí ìyá nìkan jẹ́ 60, kílò 11 lọmọ nìyẹn. Sáṣẹ́ẹ̀tì tọmọdé jẹ́ oríṣi méjì, 10 mg àti 30 mg, ẹ wo ara páálí dáadáa kẹ́ ẹ má ṣì í mú. Ọmọ tí ò tó kílò 9, 10 mg kan. Kílò 9 sí 13, 10 mg méjì. Tó bá ju 13 lọ dé 27, 30 mg kan. Tó bá ju 27 lọ, 30 mg méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni gbogbo ẹ̀, ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀ tàbí oúnjẹ, kó mu ún lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 7 náà ni, ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Ẹ má lò ó tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí ara bá ń gbóná gan-an, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìrẹsì, onígbáméjì lè ni. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ ẹ̀ parí sí "pril", bíi lisinopril àti ramipril, kó sọ fún oníkẹ́míìsì kó tó gbà á, torí ó lè jẹ́ kí ojú, ètè àti ahọ́n wú, tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ẹ sáré lọ ọsibítù. Aláboyún, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò dáa, ẹ bi dókítà ná. Flagyl tá a kàn ń sọ sẹ́nu bíi gúgúrú yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, Flagyl ò sì ní ohun tó máa bá a ṣe.

ORS onílítà kan, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà oní 50cl méjì ló gbà. Tí kò bá sí, ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi kan, kó má ga lórí ṣíbí. Ọmọ tí ò tó ọdún méjì á mu 50 sí 100 ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣíbí ṣíbí, tó bá bì í ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmú ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Tí ojú ẹ̀ bá wọnú, tí àwùjẹ́ rì, tí ò tọ̀ mọ́ tàbí tó ń sùn tí ò ṣeé jí, ẹ má dúró de oògùn kankan, ẹ gbé e lọ ọsibítù.

Ẹ fi síńkì 20 mg lójúmọ́ kún ti ọmọdé fún ọjọ́ 10 sí 14, 10 mg ni ti ọmọ tí ò tó oṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì lò ó tán kódà tí ìgbẹ́ bá ti dá lọ́jọ́ kejì.